Fáúndéṣọ̀n tó gbé owó mì ju bí a ṣe rò lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé yàrá mẹ́ta ni mò ń kọ́ sí Èfọ̀n-Aláayè, mítà 12 sí 10. Owó tí bíríkìlà dá fún fáúndéṣọ̀n ti tán, a ò sì tíì da jámánì, ìyẹn kọnkéré ilẹ̀ ilé. Àbí ó ń fọgbọ́n gbà mí lówó ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì bá a jà. Ẹ kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ yín ṣe dà gẹ̀rẹ́ sí. Ẹni tó bá fi ojú ilẹ̀ pẹrẹsẹ dá owó ilé fún ilẹ̀ Èfọ̀n tó jẹ́ olókè, owó ọ̀hún ò lè tó.

Ẹ wá róbà gígùn tí a ń rí inú rẹ̀, ẹ rọ omi sí i títí kò fi ní sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bíńtín bá há síbẹ̀, irọ́ ni omi yóò máa pa. Ẹ kan èèkàn sí apá òkè, ẹ kan òmíràn sí ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé ẹnu róbà kọ̀ọ̀kan ti èèkàn. Ẹ fàlà sí ibi tí omi bá dúró sí. Ẹ wọn ìlà méjèèjì dé ilẹ̀, kí ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá; ohun tó bá kù ni bí ilẹ̀ ṣe dà gẹ̀rẹ́ tó.

Ká ní mítà 1 ló kù, tí ògiri mítà 12 sì wà nísàlẹ̀. Kóòsì (ìyẹn ìtò) búlọ́ọ̀kù onínáìnì, oní-ínṣì mẹ́sàn-án, kan pẹ̀lú mọ́tà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25, kóòsì 4 ló lé níbẹ̀ nìyẹn. Bí a bá ka ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ ọn, búlọ́ọ̀kù bíi 220 ni, láìtíì débi ògiri inú. Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé jù ni ihò búlọ́ọ̀kù: kọnkéré tí a ó fi dí ti 220 yẹn lè jẹ sìmẹ́ǹtì bí àpò 13.

Ilẹ̀ pupa tí a ó fi kún inú fáúndéṣọ̀n jẹ́ kúbíìkì mítà 60 (12 lọ́nà 10, lọ́nà ìdajì mítà 1). Bí a bá gún un, yóò fún pọ̀, nítorí náà ẹ ṣírò 75. Tipa tó ń gbé kúbíìkì mítà 5 yóò já a nígbà 15. Ìpele sẹ̀ǹtímítà 15 ni kí wọ́n máa tẹ́, kí wọ́n wọ́n omi sí i, kí wọ́n gún un kí òmíràn tó gorí rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ jámánì yóò là.

Ohun tó yẹ kí ẹ bi bíríkìlà ni bó ṣe gbẹ́ kòtò. Ó yẹ kí ìdí kòtò máa gun àtẹ̀gùn lọ sókè, kóòsì kan kan. Bó bá gbẹ́ gbogbo rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ibi tó rẹlẹ̀ jù, ó fowó yín ṣòfò, pàápàá tó bá jẹ́ àpáta ló ń fọ́.

Bí owó bá há gan-an, ẹ jẹ́ kí ìdajì ilé tó wà nísàlẹ̀ rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, kí àtẹ̀gùn mẹ́ta so ó pọ̀ mọ́ tòkè. Ìdajì ilẹ̀ pupa ni ẹ ò ní rà mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ya pílánù kọ́kọ́ rí i, torí yóò kan líńtẹ́ẹ̀lì (kọnkéré orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé) àti òrùlé.