Ọ̀sà Lẹ́kí kò jìn, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àwa mẹ́rin láti Ìkòròdú fẹ́ fi àjẹ̀ tukọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ gba Ọ̀sà Lẹ́kí dé Ìwòpin, ká máa sùn sí etí igbó. Ọjọ́ mẹ́ta la fi sí i. Irú oúnjẹ wo ni ká gbé? Wọ́n ní omi ibẹ̀ kò jìn, òmùwẹ̀ sì ni wá: tí ọkọ̀ bá dojú dé, a ó dìde dúró tàbí ká di kẹ́ẹ̀gì òfìfo mú, torí náà a ò ní ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń gbé èèyàn léfòó, ó wọ́n.

Ìdáhùn: Ẹ fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ sílẹ̀ ná. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni màá dáhùn, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn títí ó fi sú mi.

Òótọ́ ni, kò jìn. Ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò tó mítà 3. Ṣùgbọ́n ó fẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 247, afẹ́fẹ́ sì ráyè sáré lórí ẹ̀. Nínú omi jíjìn, ìgbì á gùn, á rọra gbé ọkọ̀ sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀. Nínú omi tí kò jìn, ìgbì á kúrú, á ga ṣóńṣó, á sì máa tẹ̀ léra wọn kíákíá. Imú ọkọ̀ kò tíì jáde nínú ti àkọ́kọ́ tí èkejì á ti da omi sí yín lẹ́sẹ̀. Igbá tí ẹ fi ń gbọ́n omi kò ní lè bá a.

Ẹ ní ẹ ó dìde dúró. Lórí kí ni? Ẹrẹ̀ rírọ̀ ló wà nísàlẹ̀ níbi púpọ̀, ẹsẹ̀ á rì dé orúnkún. Mítà 2 pàápàá bo orí yín, àfi tí òmìrán bá wà láàárín yín. Òmùwẹ̀ tí ọkọ̀ bá gbá lórí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ mọ́, kẹ́ẹ̀gì òfìfo kò sì lè gbé imú ẹni tó dákú kúrò nínú omi. Ẹ ra jákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ má fi jókòó. Tí ọkọ̀ igi bá dojú dé, ẹ dì í mú, ó máa ń léfòó.

Ìyókù kò pọ̀. Ẹ tukọ̀ láàárọ̀, afẹ́fẹ́ òkun máa ń le lọ́sàn-án. Ẹ má dá àárín ọ̀sà kọjá, ẹ tẹ̀ lé etí omi, kí ẹ sì ṣọ́ igi tí àwọn apẹja gún mọ́lẹ̀. Láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ẹ jókòó sílé: ìlà oòrùn ni ìjì àkọ́rọ̀ òjò ti ń wá, ojú yín ló sì máa kọ́kọ́ bá. Etí igbó kọ́ ni ibùsùn o, igi ògùrọ̀ nínú àbàtà ló pọ̀ níbẹ̀. Abúlé apẹja ni kí ẹ sùn, ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀. Ìjọba kò fẹ́ ìrìn alẹ́ lójú omi, aago 6 ìrọ̀lẹ́ sí 6 àárọ̀.

Mi ò rí ọkọ̀ yín, mi ò sì lè jẹ́ onídùúró fún yín. Ẹ háyà ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó mọ ojú omi náà. Tó bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró.

Oúnjẹ? Gàrí, ẹ̀pà, ẹ ó rí ẹja rà lọ́nà. Omi mímu ni kí ẹ gbé púpọ̀. Omi Ọ̀sà Lẹ́kí kò níyọ̀, àmọ́ ìyẹn ò ní ká bu ú mu.