Èsì fún ẹni tó ń wá nọ́ńbà jásì bàbá ìyàwó rẹ̀: básíkẹ́ẹ̀tì Linden, Indiana, 1957

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bàbá ìyàwó yín gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún ilé ìwé girama Linden, lẹ́bàá Crawfordsville ní Indiana, ní 1957. Ẹ fẹ́ mọ nọ́ńbà jásì rẹ̀ àti póìǹtì tó jẹ, kó tó di ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ lẹ́tà sí ilé ìwé kankan.

Ilé ìwé girama Linden kò sí mọ́. Òfin tí ìjọba Indiana ṣe ní 1959 pé kí àwọn ilé ìwé kéékèèké dà pọ̀ ló mú kó kógbá sílé. Nígbà tó fi máa di 1971, Linden, Darlington àti Coal Creek Central ti wọnú ilé ìwé kan ṣoṣo tó ń jẹ́ North Montgomery. Coal Creek ọ̀hún náà ti gbé Wingate mì ṣáájú, Wingate tó gba ife ìpínlẹ̀ ní 1913 àti 1914! Tí ilé ìwé bá dà pọ̀ báyìí, máàkì akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n máa ń kó dání. Ìwé póìǹtì á bá kóòṣì lọ sílé, àwòrán á di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e.

Ọ́fíìsì ni wọ́n ti máa dá yín lágara. Akọ̀wé á ní òfin FERPA ti 1974, òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, kò jẹ́ kóun sọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fún ẹlòmíì. Irọ́ gbáà! Òfin yẹn gan-an ka eré ìdárayá tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, títí kan gíga àti ìwúwo àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, mọ́ ohun tí ilé ìwé lè sọ síta. Kò kàn fi dandan mú wọn ni, abẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n sì ń sá sí. Tí Bàbá bá fọwọ́ sí lẹ́tà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí, àmọ́ ẹ ní kò gbọdọ̀ mọ̀. Ó ku òfin APRA ti Indiana, tó fún ará ìlú láyè láti béèrè fún ìwé ìjọba: wákàtí 24 ni wọ́n ní láti fèsì tí ẹ bá lọ síbẹ̀ fúnra yín, ọjọ́ 7 fún lẹ́tà. Ẹ má tíì yọ̀ o. “A ti rí lẹ́tà yín” lásán ti tó èsì lójú òfin. Ìwé tí ẹ ń wá lè má jáde bọ̀rọ̀. Ẹ kọ orúkọ, ọdún àti irú ìwé tí ẹ fẹ́, torí “gbogbo ohun tó bá wà” ni wọ́n fi ń rí àyè sọ pé kò yé àwọn.

Ìwé ìròyìn ló máa ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè fún máíkírófíìmù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ya ìwé ìròyìn àtijọ́ sí, ní Crawfordsville District Public Library. Sáà básíkẹ́ẹ̀tì máa ń gba inú ọdún méjì kọjá, nítorí náà ẹ wo November 1956 sí March 1957, kí ẹ tún wo sáà tó tẹ̀ lé e. Eré alẹ́ Friday, ìwé ìròyìn Saturday ni ẹ ó ti rí i. Orúkọ ìdílé nìkan ni wọ́n máa ń tẹ̀, fg (bọ́ọ̀lù tó jù wọlé láàárín eré), ft (bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tó jù wọlé) àti pf (ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ nínú eré) á sì wà níwájú rẹ̀. Ẹ fi 2 sọ fg di púpọ̀, kí ẹ ro ft mọ́ ọn: fg 5, ft 3, póìǹtì 13. Kò sí póìǹtì mẹ́ta nígbà yẹn, 1987 ló dé girama. Kí ẹ wá ro ti gbogbo ẹgbẹ́ pọ̀. Tí kò bá bá èsì eré mu, atẹ̀wé ló ṣì í, ẹ wo ìwé ìròyìn ìlú tí wọ́n bá gbá. Ti Lafayette náà kò jìnnà sí Linden.

Ẹlòmíì tó bá ń ka èyí, tó ń wá ilé ìwé aláwọ̀ dúdú bíi Crispus Attucks ní Indianapolis ṣáájú 1942, kó má dààmú lọ sọ́dọ̀ IHSAA, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá girama ní Indiana. Wọn ò gbà wọ́n sí ìdíje nígbà yẹn. Indianapolis Recorder, ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú, ni kó wò, ọ̀fẹ́ ni lórí Hoosier State Chronicles, ìkànnì ìwé ìròyìn àtijọ́ Indiana.

Áà, nọ́ńbà jásì. Yearbook 1957 ni, ìwé àwòrán tí ilé ìwé ń ṣe lọ́dọọdún; ẹ wo àwòrán ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ẹ ka orí àwọn tó dúró, kí ẹ ka orúkọ tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà kankan sára aṣọ. Ẹni kan tí kò wá lọ́jọ́ fọ́tò ti tó láti yẹ orúkọ gbogbo ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́.