Ẹ Gba Gírédà, Ẹ Má Gba Owó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìlú wa, ìlú kékeré kan ní Ọ̀ṣun. Kọ́ńpìnnì tó ń ṣe títì wa ti lò ju ọdún kan lọ lọ́dọ̀ wa, eruku wọn la fi ń jẹun. Ní báyìí tí iṣẹ́ ti ń parí, ọ̀gá wọn ní àwọn fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ ṣe pápá eré ìdárayá káwọn tó kó lọ, inú wa sì dùn torí ẹ̀yìn ọjà làwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Baálẹ̀ ní àwọn máa fún wa nílẹ̀. Àṣé ìjà ló ń bọ̀. Àwọn kan ní ká gbowó lọ́wọ́ wọn ká ṣe é fúnra wa, àwọn kan ní ibi ìjókòó tó ní òrùlé làwọn fẹ́, àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù òyìnbó sì ní koríko oníke bíi ti pápá Agége l'Ékòó ni. Èwo ni ká mú? — Akọ̀wé

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ owó yẹn, ẹ pa á tì, mo bẹ̀ yín. Owó tó bá wọ àpò ẹgbẹ́, o ti mọ bó ṣe máa ń rí, ṣebí ìwọ gan-an ni akọ̀wé. Ohun tí kọ́ńpìnnì yẹn ní tẹ́ ẹ̀yin ò ní ni gírédà (ẹ̀rọ tó ń ha ilẹ̀ kó lè tẹ́jú), rólà, típà, àti sọ̀fíyọ̀ tó ń fi ẹ̀rọ wo ilẹ̀, gbogbo ẹ̀ sì wà nílùú yín báyìí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti kó wọn sórí tírélà lọ, owó tẹ́ ẹ máa fi gbé gírédà kan ṣoṣo padà wá fún iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa sunkún ni.

Ibi ìjókòó ń kọ́? Ẹ jẹ́ káwọn èèyàn gbé àga wá látilé. Koríko oníke dáa lójú o, àmọ́ nínú oòrùn ọ̀sán ó máa ń gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, bí ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá ó ti gbó, ta ló máa pààrọ̀ ẹ̀? Koríko Bahama ni kẹ́ ẹ gbìn tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fa ìtàkùn ẹ̀ níbi tó bá ti wà, àwọn ọmọ á rì í mọ́lẹ̀ ní Sátidé méjì.

Ilẹ̀ gan-an ló ṣòro. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Níbi tí mo dàgbà sí, kọ́ńpìnnì kan ṣe irú ẹ̀ fún wa, gírédà ha ilẹ̀, ó tẹ́ bí ẹní, a ya fọ́tò, a jó. Ilẹ̀ dúdú tó wà lókè, típà kó o lọ (dẹ́rẹ́bà tà á fún ẹni tó ń ṣe ọgbà, ẹ̀yìn ẹ̀ la tó gbọ́), ó wá ku yẹ̀pẹ̀ pupa líle tí koríko ò lè hù lórí ẹ̀. Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, omi ò ríbi lọ torí gbogbo ẹ̀ ló tẹ́jú pẹrẹsẹ, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìyá kan lódìkejì ọ̀nà ló kọ́kọ́ lo pápá ọ̀hún, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ níwájú ilé góòlù, ọmọ wọn tò tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó dọyẹ́, gbogbo orúnkún ọmọ àdúgbò ló bó.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ sọ fún sọ̀fíyọ̀ wọn pé ilẹ̀ dúdú yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan ni kí wọ́n kó o jọ sí, kí wọ́n dá a padà sójú ẹ̀ tí wọ́n bá ti ṣe ìsàlẹ̀ tán. Kí ààrin pápá sì ga ju etí lọ. Pápá tó pé, gígùn ẹ̀ 105 mítà, ìbú ẹ̀ 68, láti ààrin dé etí jẹ́ 34 mítà, tí ààrin bá fi sẹ̀ǹtímítà 34 ga jù ú lọ, ojú ò ní rí i, ẹsẹ̀ ò ní mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n omi mọ̀ ọ́n. Kí gọ́tà wà níta, kí wọ́n fi nǹkan bò ó, torí ọmọ tó ń lé bọ́ọ̀lù kì í wo ilẹ̀. Kí góòlù kan kọjú sí àríwá, èkejì sí gúúsù, torí ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, kí oòrùn má baà máa wọ gólì lójú. Irin góòlù náà, 7.32 mítà sí 2.44, kí wẹ́dà wọn jó o, kí wọ́n fi kọnkéré rì í mọ́lẹ̀, èyí tí wọ́n kàn ń gbé kalẹ̀ máa ń wó lu ọmọ, ó sì ti pa ọmọ rí láwọn ibi kan.

Pápá tó pé yẹn máa jẹ tó pọ́lọ́ọ̀tì 18 sí 20, tá a bá fi àyè sílẹ̀ yíká, pọ́lọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ 50 sí 100 ni mò ń sọ. Tílẹ̀ ò bá tó bẹ́ẹ̀, òfin bọ́ọ̀lù gba 90 mítà sí 45, ìyẹn bíi pọ́lọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án, láìka àyè yíká.

Baálẹ̀ ní àwọn máa fún yín. Kí Ọlọ́run dá Baálẹ̀ sí, àmọ́ ọmọ onílẹ̀ tó wà l'Ékòó ò sí níbi ìpàdé yẹn o. Kí mọ̀lẹ́bí tó nilẹ̀ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ ya sọ́fè ẹ̀ lórúkọ ìlú, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, torí òfin ilẹ̀ 1978 fún wọn láṣẹ láti fún èèyàn níwèé ilẹ̀ ìgbèríko. Kí gbogbo ẹ̀ parí kí gírédà tó débẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, gbogbo pápá tí wọ́n ń ṣe, àwọn ọkùnrin ló ń gbà á. Àwọn ọmọbìnrin wa ń kọ́? — Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá wa. Pápá básíkẹ́ẹ̀tì oníkọnkéré, 28 mítà sí 15, kò tó pọ́lọ́ọ̀tì kan, kẹ́ ẹ bèèrè fún un lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì pẹ̀lú pápá, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ọjọ́ táwọn ọmọbìnrin máa lo pápá, kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó ẹnu ọ̀nà látọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i. Kí wọ́n sì kọ́ ilé ìyàgbẹ́ tiwọn lọ́tọ̀, tó ní omi, tó ní ilẹ̀kùn tó ṣe é tì, kí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá kan ládùúgbò, kó má wà lọ́wọ́ akọ̀wé.