Kí ẹ tó sanwó karafáànù yẹn, ẹ kọ́kọ́ da omi lé e lórí

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ béèrè láti Ọ̀fà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹnì kan tó ti Amẹ́ríkà dé fẹ́ ta karafáànù kékeré kan fún yín, ìyẹn ilé onítáyà tí mọ́tò ń wọ́, fíìtì 14, pé ẹ fẹ́ máa sùn nínú ẹ̀ lóko adìẹ yín, kí ẹ sì máa fi mọ́tò wọ́ ọ jáde nígbà ọdún. Ẹ wá ń béèrè irú kọ́tìnnì àti fóòmù tí ẹ máa kọ́kọ́ rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kọ́tìnnì sílẹ̀ ná. Ibi tí èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ojú mi sì rí màbo.

Ọdún 6 rèé tí tèmi ti wà lọ́wọ́ mi. Ìlọrin ni mò ń gbé, oko mi wà lọ́nà Ìgbàjà. Mi ò kì í pè é ní tírélà mọ́, torí tí mo bá ti ní "tírélà mi", ọkọ̀ gbọọrọ tó ń kó sìmẹ́ńtì ni àwọn èèyàn máa ń wá lẹ́yìn mi. Àwọn ọmọ àdúgbò ní tiwọn, ilé ìgbín ni wọ́n ń pè é. Bí mo bá ti ń so ó mọ́ mọ́tò báyìí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e!"

Oṣù kìíní ni mo rà á, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an. Gbogbo ẹ̀ gbẹ táútáú. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn, eruku nìkan ni mò ń gbóòórùn. Mo kùn ún lọ́dà, ìyàwó mi rán kọ́tìnnì àǹkárá sí i, a ra fóòmù tuntun, a pe ará àtọ̀rẹ́ wá jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù níwájú ẹ̀. Oṣù kẹrin, òjò àkọ́rọ̀ dé. Mo sùn sínú ẹ̀ lóko lóru ọjọ́ yẹn. Mo kọ́kọ́ gbọ́ tó, tó, tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dìde pé kí n gbé omi tíì kaná, ni ẹsẹ̀ mi ọ̀tún bá wọlé sínú pákó ìsàlẹ̀ dé kókósẹ̀. Òjò ọjọ́ kan kọ́ ló ṣe é. Ó ti pẹ́ tí omi ti ń gba ojú ibi tí òrùlé àti ògiri ti pàdé wọlé, tó ń ṣàn gba àárín páànù ìta àti pílíwúùdù inú, tó sì ń lọ rọra kó jọ sí igun ibùsùn. Igi tó yẹ kó gbé mi dúró ti rọ̀ bí àkàrà inú ẹ̀kọ mímu. Ẹni tó tà á fún mi sì ti fi kápẹ́ẹ̀tì bò ó, ó tẹ́ ẹ lẹ́wà.

Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 25 méjì dání, ẹ wá àkàbà, ẹ wá ọmọkùnrin kan tí ara ẹ̀ fúyẹ́. Kó máa da omi díẹ̀díẹ̀ sí gbogbo ojú ìsopọ̀ òrùlé, sí ìdí ihò atẹ́gùn tó wà lókè, sí etí fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe pàtàkì kó ṣe sùúrù, torí omi tí wọ́n kàn dà gbàà yóò ṣàn lọ ni, kò ní rí àyè wọlé. Ẹ dúró tó wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin fúnra yín wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù, kí ẹ gbé fóòmù kúrò, kí ẹ máa fi àtàńpàkò tẹ ògiri, pàápàá àwọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, abẹ́ fèrèsé àti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ibi tó dáa á le gbagidi. Ibi tó ti jẹrà á wọlé tẹ́ ẹ lọ́wọ́ yín, tàbí kí ẹ rí àbàwọ́n bí omi tíì lára àjà. Ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ káàkiri. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì. Tí olówó ẹ̀ bá ní kí ẹ má ká a, ẹ mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ igun kan ló rọ̀, ẹ lè ná an wálẹ̀, ká sì tún un ṣe. Bó bá jẹ́ odindi ògiri iwájú àti ìdí ilẹ̀kùn, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀.

Àtúnṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe burú ju jíjò náà lọ. Mo lọ ra sílíkónì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò ilé kíkọ́, mo fi kùn gbogbo ojú ìsopọ̀. Oòrùn àti ọyẹ́ bọ́ ọ kúrò láàárín ọdún kan. Nígbà tí mo wá rí gọ́ọ̀mù tó tọ́, kò lẹ̀, torí ibi tí sílíkónì bá ti dé, nǹkan mìíràn kì í fẹ́ mú níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ 3 gbáko ni mo fi jókòó sórí òrùlé tí mò ń fi réésà ha á. Èyí tó ṣiṣẹ́ ni gọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ kan bíi rọ́bà, bútáìlì ni wọ́n ń pè é, tí kì í tètè le. Ẹ tú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ojú ìsopọ̀, ẹ ha ti àtijọ́ kúrò pátápátá, ẹ tẹ́ bútáìlì, ẹ dá irin padà pẹ̀lú sukúrù tuntun tí kì í dípẹtà. Tó bá jẹ́ rọ́bà ni wọ́n fi bo òrùlé ẹ̀ bíi tèmi, ẹ má gbà kí àwọn tó ń dí òrùlé tó ń jò fi ọ̀dà dúdú kùn ún o. Ohun tó bá ti ara epo rọ̀bì jáde máa ń mú rọ́bà yẹn wú, á sì bà á jẹ́.

Ti pákó ìsàlẹ̀, káfíńtà tó wá bá mi ṣe é ní ká kàn tẹ́ pílíwúùdù tuntun lé èyí tó jẹrà lórí. Mo ní rárá. A gé e títí dé ibi tí igi ti le, kó tó di pé a fi tuntun sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, nínú gbogbo owó tí mo ti ná sí nǹkan yìí, èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti búkà tí mo kọ́ sórí ẹ̀: òpó irin 4, páànù lókè, ẹ̀gbẹ́ ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ojú kan náà ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ oṣù ọdún, kí ló dé tí òjò á máa pa á? Látìgbà yẹn, mi ò tún gun òrùlé mọ́ àfi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí àkọ́rọ̀ tó dé.

Ó ku ti títì. Láti Èkó ni mo ti wọ́ tèmi wá. Táyà ẹ̀ sanra, eyín ara ẹ̀ ṣì jìn, fọganáísà tó wò ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é. A kọjá Ìbàdàn, a kọjá Ọ̀yọ́, kò sí wàhálà. Nígbà tí a kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ díẹ̀, mo gbọ́ gbòà! Táyà òsì ti fọ́, rọ́bà tó ń jù kiri ti ya páànù orí táyà, ó sì já páìpù omi. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà dáadáa, ẹ máa rí nọ́ńbà 4 lẹ́yìn lẹ́tà DOT. Tèmi jẹ́ 0911, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ 9 ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Táyà karafáànù kì í gbó nítorí rírìn, ìdúró ló ń pa á. Tó bá ti lé ní ọdún 6 tàbí 7, ẹ yọ ọ́, bó ti wù kí eyín ẹ̀ jìn tó. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ ST sí, ìyẹn táyà tí wọ́n dìídì ṣe fún ohun tí mọ́tò ń wọ́, tàbí ti bọ́ọ̀sì akẹ́rù tó lè gbé ìwúwo náà. Ẹ má ra tòkunbọ̀ táyà fún un, ẹ sì fẹ́ ẹ dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara ẹ̀.

Bẹ́ríǹgì, irin roboto tí táyà fi ń yí, ló tún kù. Ọdún kejì, mò ń lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, àwọn ọlọ́kadà ni wọ́n ń juwọ́ sí mi nítòsí Ìdọ̀fìàn pé èéfín ń jáde lẹ́yìn mi. Mo bọ́ọ́lẹ̀: họ́ọ̀bù, àárín táyà níbi tí bẹ́ríǹgì wà, ti pọ́n. Mekáníìkì tó fi gíríìsì sí i lóṣù tó ṣáájú ti fún nọ́ọ̀tì ẹ̀ bíi ti tírélà gidi. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á máa yí táyà bí wọ́n ṣe ń fún nọ́ọ̀tì, lẹ́yìn náà wọ́n á tú u díẹ̀, wọ́n á wá fi ìka lásán fún un, wọ́n á sì fi píìnì dè é. Ọdọọdún ni kí ẹ tú u, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ kún un ní gíríìsì tuntun. Nọ́ńbà wà lára bẹ́ríǹgì fúnra ẹ̀; tèmi jẹ́ L44649 níta àti L68149 nínú, wọ́n pọ̀ lọ́jà. Ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti dúró lọ́nà, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan họ́ọ̀bù. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú; tí ọwọ́ yín ò bá lè gbà á, ẹ má lọ mọ́. Ẹ tún tún àwọn nọ́ọ̀tì táyà fún lẹ́yìn bíi kìlómítà 80 àkọ́kọ́.

Orí irin roboto tó wà lẹ́yìn mọ́tò yín, tí ẹ máa so karafáànù mọ́, ẹ ka nọ́ńbà orí ẹ̀. Ti Amẹ́ríkà lè jẹ́ íǹṣì 2, ó sì lè jẹ́ íǹṣì 1⅞. Tí ẹnu karafáànù bá jẹ́ 2, tí ẹ wá kàn án mọ́ èyí tó kéré, á dà bíi pé ó ti mú, títí tí ẹ fi máa wọ kòtò. Má jẹ̀ẹ́ kí wẹ́dà kankan ṣe orí roboto fún yín. Ẹrù inú ẹ̀ náà ní ìlànà: ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwúwo gbogbo ẹ̀ ló yẹ kó tẹ ẹ̀yìn mọ́tò. Mo kó àpò oúnjẹ adìẹ 3 sí ìdí ẹ̀ lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe dé 80 báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jù bí ìrù ajá. Tó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ má tẹ búréèkì lójijì o. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ẹ di sítíárì mú gbọingbọin, ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kó ẹrù síwájú táyà.

Ó wá kan iná NẸ́PÀ. Ẹ fetí sí èyí, torí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré ni mo fi ba nǹkan jẹ́. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fólítì 120, tiwa jẹ́ 230. Mo gé ẹnu wáyà, mo fi pọ́lọ́ọ̀gì tiwa sí i, mo kì í bọ jẹnẹrétọ̀. Ó dún pọ́ọ́, èéfín rú, ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì bátìrì kú, bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ amúlétutù náà kú. Ẹ lè lo sítẹ́pì-dáùn ńlá, àmọ́ ẹ̀rọ amúlétutù ọ̀hún á ṣì máa gbóná jù, torí iná wọn jẹ́ 60 Hz (iye ìgbà tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tiwa jẹ́ 50. Èmi ju gbogbo ti 120 nù, mo ní kí oníwáyà ilé fa tuntun fún 230. Gbogbo ohun tó ń lo bátìrì onífólítì 12, gílóòbù, fáànù, ẹ̀rọ tó ń fa omi, mo fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bátìrì kò mọ orílẹ̀-èdè tó wà, sólà 2 lórí búkà ló ń bọ́ ọ. Iná ẹ̀yìn karafáànù náà, ẹ kìlọ̀ fún rewáyà yín pé wáyà kan náà ni búréèkì àti tàfíkétọ̀ ń gbà nínú ti Amẹ́ríkà. Tí ti mọ́tò yín bá yà wọ́n sọ́tọ̀, á nílò àpótí kékeré kan láàárín.

Fíríìjì onígáàsì inú ẹ̀ kò lè bá ooru oṣù kẹta tiwa jà, àfi kó kàn máa tutù díẹ̀, ó sì fẹ́ kí ilẹ̀ tẹ́jú. Mo pààrọ̀ ẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Mo yọ ọ́, kíréètì ẹyin ló wà níbẹ̀ báyìí. Ta ló fẹ́ wá fa táǹkì ìgbẹ́ lóko?

Gáàsì kò ṣeé fi ṣeré. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà àti ríguléétọ̀ sí tuntun, torí ẹnu sílíńdà tiwọn àti tiwa kò bára mu. Ẹ fi ọṣẹ híhó wo gbogbo ojú ìsopọ̀. Ihò tí ẹ bá rí nísàlẹ̀ àpótí sílíńdà, wọ́n dìídì ṣe é ni: gáàsì wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń gbà jáde. Ọmọ tó ń bá mi ṣọ́ oko fi àkísà dí tèmi nítorí eku. Nẹ́ẹ̀tì onírin ni kí ẹ fi bò ó. Jẹnẹrétọ̀ náà, kó jìnnà sí fèrèsé tí ẹ bá ń sùn. Ẹ ò ní gbóòórùn ohun tó ń pa èèyàn nínú èéfín ẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ti ikán. Mo fi pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ irin igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó má baà rì sínú ilẹ̀ pupa nígbà òjò. Ikán gba inú pákó yẹn gòkè, wọ́n jẹ pílíwúùdù tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i. Búlọ́ọ̀kù ni mò ń lò báyìí, mo sì ń da ọ́ìlì dúdú yí i ká.

Mo máa kọjá sí Ọ̀fà lọ́jọ́ Sátidé. Tí ẹ ò bá tíì fún ọkùnrin yẹn lówó, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Èmi á gbé àkàbà dání, kẹ́ẹ̀gì omi méjèèjì di tiyín.