Ẹ Bi Wá, Ká Jọ Sọ Ọ́: Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tì Tó Fúyẹ́, Ṣé Ó Ṣe é Gbé Jáde Lójoojúmọ́?

Ìbéèrè lórí àwọn ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì kéékèèké ló pọ̀ jù nínú èyí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló sì jọra, nítorí náà mo ti da àwọn tó jọra pọ̀. Ọkọ̀ tá à ń sọ níbí kì í ṣe àwọn alágbára tó ń mu epo rẹpẹtẹ o, àwọn tí ò wúwo ni, tónù kan tàbí kó má tiẹ̀ pé tónù.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tí màá máa gbé lọ síbi iṣẹ́. Ọgbọ́n orí mi ń sọ pé Mazda MX-5, àmọ́ Lotus Elise ló wà lọ́kàn mi. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni mo lè ní. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo, MX-5 ni, kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Kì í ṣe pé Elise ò dáa o, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù nínú méjèèjì. Àkọ́kọ́ ẹ̀ tó jáde lọ́dún 1996, nǹkan bíi kílò 725 ni gbogbo ọkọ̀ yẹn, egungun ẹ̀ tí wọ́n fi àlúmíníọ̀mù ṣe tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ò ju bíi kílò 68 lọ, kò sì sí power steering níbẹ̀ rárá, òkúta kékeré tí táyà iwájú bá gùn báyìí ọwọ́ yín máa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti ojoojúmọ́. Etí ilẹ̀kùn ẹ̀ ga, ó fẹ̀, ẹ máa ká ara yín kò kẹ́ ẹ tó wọlé, pàápàá tí òrùlé bá wà lórí ẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni búùtù wà, ohun tẹ́ ẹ bá gbé síbẹ̀ máa gbóná. Fíbà ni ara ẹ̀, odindi kan ni wọ́n sì ṣe iwájú, odindi kan ni ẹ̀yìn, ẹnì kan kàn máa fi bọ́ńpà gbá yín díẹ̀ níbi tẹ́ ẹ páàkì sí, ó sì máa di iṣẹ́ ńlá.

MX-5 jáde lọ́dún 1989, ẹ́ńjìnnì wà níwájú, táyà ẹ̀yìn ló ń wa ọkọ̀, kò sì pé tónù kan nígbà yẹn. Nígbà tó fi máa di ọdún 2016 wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí páàtì ẹ̀ kì í fi í wọ́n bí ojú. Kódà èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015, pẹ̀lú gbogbo airbag àti kọ̀ǹpútà inú ẹ̀, ó ṣì wà ní bíi tónù kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra èyí tó ti pẹ́, ẹ kúnlẹ̀ wo abẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tó kángun sí táyà ẹ̀yìn, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dípẹtà, tí wọ́n bá sì ti kun ún mọ́lẹ̀, ẹ fọwọ́ kàn án dáadáa.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, MX-5 ayé àtijọ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ti àkọ́kọ́ yẹn. Tí mo bá ń sáré lójú títì ó máa ń ṣí sọ́tùn-ún sósì, tí mo bá kó sí kọ́nà, ńṣe ló dà bíi pé ẹ̀yìn ẹ̀ ń lọ síbòmíì. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra coilover (ṣọ́ọ̀kì àti sípíríìngì alápapọ̀ tó ṣe é gbé sókè tàbí sílẹ̀), kí n fà á wálẹ̀, kí n wá gbé ríìmù 17 sí i. Ṣé kí n ra gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Kí ọ̀rẹ́ yín ní sùúrù.

Ọkọ̀ tó ti tó bí ọgbọ̀n ọdún nìyẹn, ẹ ò tíì mọ bó ṣe rí nígbà tó dáa, báwo lẹ ṣe máa mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yí pa dà? Ẹ kọ́kọ́ wo táyà. Lára táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún, tẹ́ ẹ bá rí 2312, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2012 nìyẹn. Mo mọ̀ pé ojú ẹ̀ ṣì lè jinlẹ̀ dáadáa, àwọn ọkọ̀ yìí kì í tètè jẹ táyà torí wọn ò wúwo, àmọ́ rọ́bà ti gan, kò lè di ilẹ̀ mú mọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn, wọ́n á ní táyà ṣì dáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, búùṣì. Rọ́bà kéékèèké tó wà níbi tí apá táyà ti so mọ́ ọkọ̀, tí wọ́n bá ti gbẹ tí wọ́n ti là, kò sí alignment (títo táyà kó dúró bó ṣe yẹ) tó máa dúró lára ọkọ̀ yẹn, ẹ máa ṣe é lónìí, tó bá dọ̀la ó ti lọ. Ẹ pààrọ̀ búùṣì, ẹ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì tó bá ń jo, irú èyí tó bá ọkọ̀ wá látilẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí i, kẹ́ ẹ tó wá gbé e lọ fún alignment. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin MX-5 yẹn ló ṣe é yí, iwájú àtẹ̀yìn, camber (bí táyà ṣe tẹ̀ sínú tàbí síta) àti toe (ibi tí imú táyà kọjú sí). Bóòtì tí wọ́n fi ń yí i wà lábẹ́, ó sì máa ń dípẹtà mọ́ inú búùṣì débi pé mẹkáníìkì á bínú fi lílù kún un, torí náà ẹ ti máa fín òróró tó ń tú ìpẹtà sí i ní bíi ọjọ́ mélòó kan ṣáájú.

Ohun tẹ́ ẹ ṣàlàyé yẹn, ẹ̀yìn tó ń fẹ́ lọ síbòmíì, toe ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Imú táyà ẹ̀yìn méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú síra wọn díẹ̀ bín-ín-tín, tó bá ti kọ̀yìn síra wọn, ọkọ̀ ò ní fọkàn balẹ̀ láé, coilover tó wọ́n jù láyé ò lè tún un ṣe.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ríìmù 17. Ríìmù 14 ló bá ọkọ̀ yẹn wá, ó sì fúyẹ́ gan-an. Gbogbo ohun tó wà lábẹ́ sípíríìngì, ìyẹn ríìmù, táyà àti bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì ló ń bá wọn jà nígbà tí wọ́n bá fò sókè lórí gegele, tẹ́ ẹ bá fi kílò mẹ́rin kún ríìmù kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ oní tónù méjì lè máà mọ̀ ọ́n lára, ti yín máa mọ̀ ọ́n, ó dà bí ìgbà téèyàn gbé ẹrù àgbà lé ọmọdé lórí. Tí ríìmù ò bá wù yín bó ṣe wà, ẹ dúró síbi 15, ìyẹn ṣì dáa, táyà tó dáa sì pọ̀ fún un. Fífà á wálẹ̀ ńkọ́? Àyè tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ ní láti wọlé ò pọ̀ látilẹ̀, tẹ́ ẹ bá fà á wálẹ̀ gan-an, orí rọ́bà ìdádúró lẹ máa máa gùn lọ gùn bọ̀, ọkọ̀ á sì máa fò nínú kọ́nà tí ọ̀nà ò dán. Ó máa rẹwà nínú fọ́tò ṣá.

Ìbéèrè: Elise mi ń fò lọ́nà bí àgùtàn. 35 ni mò ń fọn táyà ẹ̀ sí, bí mo ṣe ń fọn ti jíìpù ilé. Ṣé ṣọ́ọ̀kì ni?

Ìdáhùn: Ẹ tú afẹ́fẹ́ yẹn sílẹ̀ ná! Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ẹrù ọkọ̀, ọkọ̀ yín ò sì wúwo tó ìdajì jíìpù. Nǹkan bíi 26 ni iwájú Elise ń gbà, ẹ̀yìn máa jù ú lọ díẹ̀, ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín fún èyí tó bá ọdún tiyín mu. MX-5 àkọ́kọ́ náà, 26 ni yíká. Kí táyà tutù kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì ní géèjì tara yín, èyí tó wà lọ́dọ̀ fọkanáísà máa ń purọ́ nígbà míì.

Tẹ́ ẹ bá wá gbé e lọ fún alignment, ẹ jókòó sínú ẹ̀ tàbí kí wọ́n gbé ẹrù tó wúwo tó yín sórí ìjókòó. Àwọn kan máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má dá wọn lóhùn. Èèyàn méjì tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 80, kílò 160 nìyẹn, ó ju ìdá márùn-ún ọkọ̀ oní kílò 725 lọ, bẹ́ẹ̀ lára ọkọ̀ oní tónù kan ààbọ̀ ó fi díẹ̀ lé ní ìdá mẹ́wàá ni. Tí wọ́n bá ṣe é lófìfo, bẹ́ ẹ ṣe jókòó báyìí gbogbo nọ́ńbà yẹn ti yí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń wà nínú ẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni kí wọ́n ṣe é fún.

Ìbéèrè: Òjò ń rọ̀, mò ń yí kọ́nà, mo rí i pé mo ti sáré jù, mo wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí túrótù. Ẹ̀yìn ọkọ̀ bá yọ̀ lọ. Elise náà ni. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Ohun tẹ́ ẹ ṣe gan-an ló ṣẹlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà lẹ́yìn yín, ẹ̀yìn ló wúwo jù, tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ lójijì, ẹrù á sún síwájú, táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́, ìgbà tó wá yẹ kó di ilẹ̀ mú gan-an ni ò ní dì í mú. Kẹ́ ẹ tó wọ kọ́nà ni kẹ́ ẹ ti dín eré kù, tẹ́ ẹ bá ti wà nínú ẹ̀, ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sí ohun òjijì. Ẹ wá wo táyà yín, torí àwọn kan nínú Elise bá táyà tí ojú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dán wá, ti pápá eré ni, omi ò rí ibi gbà kúrò lábẹ́ ẹ̀. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ tó tún gbé táyà fẹ̀ǹgẹ̀ máa ń tètè léfòó lórí omi, ẹ má gbàgbé ìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ ẹ sọ táyà iwájú di fífẹ̀ bíi tẹ̀yìn, tìdí tìdí ni wọ́n fi jẹ́ kí tiwájú tẹ́ẹ́rẹ́, kí iwájú lè kọ́kọ́ yọ̀, ìyẹn rọrùn láti mú ju kí ẹ̀yìn yọ̀ lọ.

Ìbéèrè: Omi rediétọ̀ ń dín díẹ̀díẹ̀ lára Elise mi, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì Rover. Mi ò rí ibi tó ń jò. Ṣé kí n máa bu omi sí i nìkan?

Ìdáhùn: Rárá o. K-series ni ẹ́ńjìnnì yẹn, gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ ọ̀rọ̀ head gasket ẹ̀, ìyẹn gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti block, ara ẹ́ńjìnnì. Omi tó ń gbà ò pọ̀, ohun tó bá jò kúrò díẹ̀ ti tó láti sọ ọ́ di gbígbóná. Thermostat ẹ̀ (ohun tó ń ṣí ọ̀nà omi, tó sì ń pa á dé) tún wà níbi tí omi ti ń wọlé, tó bá ṣí, omi tútù á dà wọlé lójijì, irin tó ti gbóná á fún, á tún fẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ló ń jìyà ẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun tó ki bí ọ̀rá níbẹ̀, ẹ ṣọ́ra, ó lè jẹ́ ìrì nìkan tó bá jẹ́ ìrìn kúkurú lẹ máa ń rìn, àmọ́ tí omi bá tún ń dín, ẹ má wà á mọ́. Kí mẹkáníìkì tó mọ ẹ́ńjìnnì yẹn fi gásíkẹ́ẹ̀tì onírin ìpele-ìpele sí i, kó sì wọn bí liner (ọ̀pá tí písítìn ń rìn nínú ẹ̀) ṣe yọ sókè lórí block, ẹni tí ò bá wọn ìyẹn máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì ni. Àwọn kan máa ń sún thermostat síbòmíì pátápátá, mo fara mọ́ ọn.

Àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì Toyota, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, wàhálà yìí kì í ṣe tiyín. Tiyín ni pé ẹ má ṣe máa fi ẹ́ńjìnnì sáré kíkankíkan nígbà tí ọ́ìlì ò tíì gbóná, omi máa ń gbóná kí ọ́ìlì tó gbóná, torí náà géèjì omi nìkan ò tó.

Ìbéèrè: Ṣé páàdì bíréèkì ti eré ìje dáa fún ìgboro?

Ìdáhùn: Kò dáa. Ó gbọ́dọ̀ gbóná kó tó mú, bíréèkì ọkọ̀ tó fúyẹ́ kì í sì í gbóná nígboro. Á máa pariwo, àárọ̀ tó tutù lẹ ò ní rí i lò. Ẹ ra páàdì lásán tó dáa, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi bíréèkì lọ́dún méjì méjì.

Ìbéèrè: Kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ìjókòó MX-5 mi máa ń tutù lẹ́yìn òjò, mo sì ti pààrọ̀ òrùlé.

Ìdáhùn: Ihò tí omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀ ló ti dí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lẹ́yìn bẹ́líìtì lọ́tùn-ún lósì, ewé àti ìdọ̀tí ló máa ń kún ibẹ̀. Ẹ fi nǹkan tó rọ̀ tí ò ní ẹnu ṣóńṣó tì í wọlé, wáyà líle máa lu ọ̀pá inú ẹ̀, omi á wá máa dà sínú irin abẹ́ ilẹ̀kùn, ibi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ó ń dípẹtà.

Ìbéèrè: Ìyàwó mi ní òun ò wọ Elise yẹn mọ́ láé, ariwo ẹ̀ pọ̀ jù, kò sì sí bí òun ṣe fẹ́ wọ síkẹ́ẹ̀tì wọlé síbẹ̀.

Ìdáhùn: Wọ́n jàre. Ẹ kọ́kọ́ yọ sàláńsà olóhùn gooro tẹ́ ẹ gbé sí i yẹn, kẹ́ ẹ dá èyí tó bá a wá pa dà, mo mọ̀ pé ẹ gbé e sí i, gbogbo yín lẹ máa ń gbé e sí i. Tó bá jẹ́ ti wíwọlé, ẹ yọ òrùlé, kí wọ́n jókòó sórí etí ilẹ̀kùn ná, kí wọ́n kó ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀, kí wọ́n wá rọra sọ̀ sórí ìjókòó. Tí òjò bá ń rọ̀, tí kò ṣe é yọ òrùlé, ọjọ́ yẹn ẹ fi jíìpù gbé wọn.