Ṣé kí n gba owó ìfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà ní ọdún 62, àbí kí n ní sùúrù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 21 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Houston kí èmi àti ìyàwó mi tó padà sí Ìbàdàn. Àwa méjèèjì ti gba ìwé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 62, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ìwé aládàáni kan ní Akobo. Ṣé kí n ti máa gba Social Security mi?

Ìdáhùn: Ẹ kú àbọ̀ sílé, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ olùkọ́ yẹn ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tó ń gba Social Security, tí kò tíì pé ọdún 67 (ọjọ́ orí tí owó irú yín máa ń pé pérépéré), bó bá ń bá ọ̀gá tí kò sí lábẹ́ ètò náà ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà ju wákàtí 45 lọ lóṣù kan, wọn ò ní san owó oṣù yẹn fún un. Owó oṣù yín lè má tó owó epo tí ẹ ń rà dé Akobo, kò kàn wọ́n. Wákàtí ni wọ́n ń kà. Bí ẹ bá ń lo wákàtí márùn-ún lójúmọ́, kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, 45 ti kọjá. Dandan ni kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fi pamọ́ tí wọ́n wá mọ̀, ẹ máa dá owó padà.

Lóòótọ́, bí ẹ bá pé 67, wọ́n á tún owó yín ṣírò nítorí àwọn oṣù tí wọn ò san. Kí lẹ wá ń sáré sí?

Ká wá ní ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé dọ́là 1,000 ló tọ́ sí yín lóṣù ní ọdún 67, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 62 á gba 700, ẹni tó dúró di 70 á gba 1,240. Lẹ́yìn 70 kì í lé mọ́. Ẹni 62 á ti kó 42,000 kí ẹni 67 tó fọwọ́ kan kọ́bọ̀, ó sì di ọdún 78 àti oṣù mẹ́jọ kí ìyẹn tó bá a dọ́gba.

Ara yín lẹ máa bi. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà lẹ ń lọ ilé ìwòsàn UCH, n ò ní ní kí ẹ dúró, torí Medicare, ètò ìlera Amẹ́ríkà fún àwọn àgbàlagbà, kì í sanwó ìtọ́jú níbí, àpò yín ni. Ẹ ro ti ìyàwó náà: ká má rí i, bí ẹ bá ṣáájú rẹ̀, tí owó yín sì ju tirẹ̀ lọ, tiyín ló máa bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí ẹ bá tètè gba kékeré, ohun tó máa kàn án náà á dín kù.

Lójú tèmi, bí ara bá le, ẹ máa kọ́ àwọn ọmọ yẹn lọ títí di 67. Ẹni tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ wá yí padà, ó lè fagi lé e láàárín oṣù 12, bó bá dá gbogbo owó tó ti gbà padà.