Yáàdì mélòó ni Barry Sanders sá gan-an?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àbúrò ìyàwó mi ti ń fa ọ̀rọ̀ kan láti Sátidé, ó ní 2,850 ni rẹ́kọ́ọ̀dù yáàdì tí Barry Sanders sá ní sáà kan nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà (èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré), èmi sì rí 2,628 lórí fóònù mi. Èwo ni ká gbà? — Bàbá Ìbejì, Kubwa

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ jàre, àmọ́ ẹ má tíì fi àbúrò yín ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ní 1988, Sanders gbé bọ́ọ̀lù sáré fún Oklahoma State, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 11, yáàdì 2,628 (yáàdì tí wọ́n fi ń wọn ańkárá fún wa ní Wuse náà ni). Lẹ́yìn ìyẹn ló tún gbá Holiday Bowl (bowl ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n ń gbá lẹ́yìn tí sáà bá parí), ó sá 222 níbẹ̀, ṣùgbọ́n NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì Amẹ́ríkà, kì í ka bowl mọ́ ọn nígbà yẹn, 2002 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, wọn ò sì padà lọ tún ti àwọn ará àtijọ́ ṣe. Ibi tó ń dùn mí nìyẹn, torí ní 2024 Ashton Jeanty ti Boise State sá 2,601, ó ku 27 péré kó bá a, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14 ló sì fi ṣe é, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n kà fún un! Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: Sanders ń sá bíi 239 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, ti Jeanty ò pé 186. Nínú ìwé NCAA fún ìpele tó ga jù, 2,628 ló wà níbẹ̀. Àbúrò yín ò purọ́, bowl ló rò mọ́ ọn.